Àmín Tí Pa Simeon Àkànní Dúró Dè

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti ará ìjọ, a dúpẹ́ pé ẹ wá. Ó ti rẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ wa kò ní pọ̀.

Ìlú Ẹdẹ ni wọ́n bí bàbá wa sí lọ́dún 1943, sí ilé Alfa Músá Àkànní tó ń rán agbádá, àti Ìyá Rábíátù. Ṣàmsúdéènì ni orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n. Mìsítúrà ni àbúrò wọn kan ṣoṣo. Bàbá wa lọ ilé kéú, wọ́n sì kàwé dé Modern School. Lọ́dún 1966 wọ́n wá sí London, wọ́n kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ṣe é títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Lọ́dún 1971 ni wọ́n ṣèrìbọmi ní Peckham, tí wọ́n di Simeon. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ ìyá wa, Dọ́káàsì, ọmọ Iléṣà.

Láti 1980 ni wọ́n ti ń kọ́ni ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Bí Ọjọ́ Ìsinmi Mẹ́talọ́kan bá ti ń bọ̀, àlùfáà á gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, á sì ní kí Bàbá Simeon wá ṣàlàyé bí Bàbá, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ ṣe jẹ́ Ọlọ́run kan. Lọ́dún kan bàbá wa fi omi, yìnyín àti ooru omi ṣàpèjúwe. Àlùfáà dé, ó ní ẹ̀kọ́ òdì nìyẹn. Lọ́dún kejì bàbá wa fi ẹyin ṣe é, èèpo rẹ̀, funfun rẹ̀ àti pupa rẹ̀. Àlùfáà ní ìyẹn tún burú jù.

Àmọ́ Alhaja Mìsítúrà, tó ti ń gbé ní Catford, ní London yìí kan náà, láti 1978, ni bàbá wa fẹ́ kó yé jù. Ẹran Iléyá ń ti Catford wá, ìrẹsì Kérésì ń ti Peckham lọ, wọn ò bá ara wọn jà rí. Ṣùgbọ́n bí bàbá wa bá ti fi orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta parí àdúrà, Alhaja kì í ṣe àmín. Níbi ìsọmọlórúkọ tiwa gan-an, ṣe ni wọ́n panu mọ́. Lọ́jọ́ kan bàbá wa ní ṣebí Alfa Músá jẹ́ bàbá nílé, wọ́n jẹ́ alfa ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n jẹ́ télọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan náà sì ni. Alhaja ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, Alfa ò kúnlẹ̀ gbàdúrà sí ara wọn rí. Ta wá ni Jésù ń gbàdúrà sí nínú ọgbà?"

Ó dun bàbá wa púpọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kí Alhaja di onígbàgbọ́. Wọn ò kàn fẹ́ kí ọmọ ìyá wọn máa rò pé àwọn ti kúrò lẹ́yìn Ọlọ́run kan ṣoṣo tí Alfa Músá fi kọ́ wọn.

Lóṣù Kejì ọdún yìí, àìsàn gbé bàbá wa dé ilé ìwòsàn. Alhaja ń wá lójoojúmọ́ láti fún wọn ní ògì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá wa ní àlàyé ti sú àwọn, kí àwọn kàn gbàdúrà fún un. Nígbà tí wọ́n dé ìparí, wọ́n ní, "Ní orúkọ Ọlọ́run," wọ́n sì dúró síbẹ̀, kí àbúrò wọn lè rí àmín ṣe.

Alhaja ní, "Ẹ parí ẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń parí ẹ̀."

Bàbá wa sì fi orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta parí ẹ̀. Alhaja ṣe àmín. Wọ́n ní kò tíì yé àwọn o, ṣùgbọ́n àwọn mọ Ẹni tí bọ̀ọ̀dá àwọn ń bá sọ̀rọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, bàbá wa jáde láyé.

Wọ́n fi ìyá wa Dọ́káàsì sílẹ̀, àti àwa ọmọ, Babátúnjí, Fọlọ́runṣọ́ àti Olúwatóbilọ́ba, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, àti Alhaja Mìsítúrà pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Basit àti Bàrákàt.

A bẹ̀ yín, ẹ fi Alhaja síwájú níbi sàréè. Bí àlùfáà bá gbàdúrà tán, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ àmín tiwọn.

Bàbá wa, ẹ ti ṣàlàyé tó. Ẹ sùn re o.