Epo Wo Ni Mo Bù Sí I?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Ìjì gbé ọkọ̀ eré ìje rẹ̀ wá sílé mi. Ìjì, ọmọbìnrin mi, àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì! Ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì, ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Ó ṣáná sí i, fèrèsé yàrá mi ń gbọ̀n. Èéfín búlúù bo ògiri. Mo ní kí ló ń jóná? "Ó ń wúkọ́ lásán ni, Màámi."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Mẹkáníìkì wá. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Ó ní ẹ́ńjìnnì ń jẹ epo jù. (Ọkọ̀ wo ni kì í jẹ epo?) Àmọ́ ohun tó ń já òun láyà ni irin gígùn tó ń gbé agbára jíà lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Oríkèé rẹ̀ ti jẹ. Bí Ìjì bá ti pààrọ̀ jíà, á dún "gbì!" lábẹ́ ìdí rẹ̀. Mo ní bí irin yẹn bá já lórí eré ńkọ́?
"Màmá, ẹ má bi mí."


Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Mo bẹ Ìjì kó fi eré ìje Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá kú sórí àga báńkì ńkọ́?" Ẹnu bí abẹ! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́, tí kì í sọ ju gbólóhùn kan lọ lóòjọ́, ní òun á tẹ̀lé e. Ta ló bẹ̀ ẹ́? Ọmọ méjì tí mo bí, lójú ọ̀nà kan ṣoṣo —

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá
Wọ́n ti pààrọ̀ oríkèé irin. "Gbì" ti lọ. Mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì ṣì ń jẹ epo, ká ṣáà má jẹ́ kó gbẹ. Mo sùn díẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Àtẹ̀jíṣẹ́ Ìjì láti ibi iṣẹ́: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu epo sí ọkọ̀, n ó pẹ́ dé." Kíá, mo gbé kẹ́ẹ̀gì lọ ilé epo. Mo rọ ọ́ sí táǹkì, ẹ̀kán kan ò dà sílẹ̀. Ó kéré tán, mo rí nǹkan fi ọwọ́ ara mi ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Àwọn ọmọ mi ti lọ síbi eré ìje. Mẹkáníìkì yà wá mú irinṣẹ́ tó gbàgbé. Ó ní ṣé Ìjì rántí epo? Mo yan bí ọ̀gá: "Èmi ni mo rọ ọ́, kẹ́ẹ̀gì kan gbáko."
"Kẹ́ẹ̀gì kẹ̀? Síbo?"
"Sínú táǹkì."
Ó káwọ́ lérí. "Yéè! Epo ẹ́ńjìnnì ni, Màmá! Ọ́ìlì!"
Epo ìdáná, epo táǹkì, epo ẹ́ńjìnnì — epo ṣáà ni gbogbo wọn!
Mo pe Ìjì. Kò gbé e. Mo pè, mo pè. Mo pe Ọ̀gá Jẹ́jẹ́. Ariwo kún etí mi. Ó kàn ní, "Màámi, ó ti kú." Ìlà já.
"Ó." Ọmọ mi ni, àbí ọkọ̀? Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pe méjèèjì.
Orí ilẹ̀ pálọ̀ ni mo wà nígbà tí fóònù tún dún. Ìjì! Ohùn rẹ̀! Ẹ́ńjìnnì ló kú. Ó ní ó gan lójijì lórí eré, ọkọ̀ ń yí bí òkòtó, koríko ló gbà á dúró. Mo sọ fún un pé táǹkì ni mo rọ epo sí.
"N ò tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò," ó ní. "Mo ní ìyá mi ló bù ú."
Kò bínú. Ì bá kúkú bínú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Mo ti ń dúpẹ́ pé ó tán. Ọkọ̀ kú, ọmọ yè. Ìjì wọlé, ọrùn rẹ̀ ò ṣeé yí, ẹ̀rín lẹ́nu. Wọ́n ti bá a rí ẹ́ńjìnnì mìíràn, èyí tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lé mi lọ́wọ́, ó fi àmì tí ọ́ìlì gbọ́dọ̀ kàn hàn mí. Èmi ni n ó máa wọ̀n ọ́n kó tó gbéra, ó ní. Òun ò fọkàn tán ẹlòmíràn.
Mo gbà.