Fóònù Orí Fèrèsé ní Omifúnfun

                                        Ṣọ́ọ̀bù Ìbídàpọ̀ Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Gáréèjì Àtijọ́,
                                        Òrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Rodiyat, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àárò ilé. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ lẹ́yìn tí o bá ti gbé àwọn arúgbó òyìnbó yẹn dìde lórí ibùsùn ti ń fúyẹ́? Ṣé o ń jẹun, àbí tíì àti bisikíìtì náà lo ṣì ń pè ní oúnjẹ? Àwa níbí ń ṣe dáadáa. Ọkọ mi ní kí n kí ọ. Àwọn ọmọ mi wà ní àlàáfíà, ariwo wọn náà wà ní àlàáfíà. Màmá rẹ le koko bí ọta, kòkó tọdún yìí sì ṣe dáadáa fún wọn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ pé Magdalene tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tó wálé wá kí àwọn èèyàn rẹ̀, gbé ìwé mi lé ọ lọ́wọ́ láyé tí gbogbo èèyàn ń fi fóònù sọ̀rọ̀ yìí. Ìwọ lo fà á. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó kọjá, mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. Ohun tí o fi ránṣẹ́ sí mi ni pé kí n má bá ọ sọ̀rọ̀ Tómilọ́lá mọ́ ná, pé ọkàn rẹ ò gbà á mọ́, pé o ò sì ní wálé lóṣù Kejìlá mọ́, nítorí kí lo fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ ọmọ tó ń sá fún ọ. Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ lẹ́yìn ìyẹn, o ò ṣí i wò. Mo pòṣé. O lè pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu, o ò lè pa ìwé. Jọ̀ọ́, fa àga kan, jókòó, kí o kà á dé ìsàlẹ̀.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ tí o rán mi. O ní kí n lọ ra fóònù tó dára jù lọ ní Òrè fún Màmá àti Tómi ní abà Omifúnfun, èyí tí kámẹ́rà rẹ̀ á jẹ́ kí o rí ojú ọmọ rẹ kedere. O ní kí n fi géèmù kún un, irú èyí tí àwọn ọmọ máa ń bá ara wọn jà sí, bóyá ọmọ náà á lè fẹ́ràn rẹ. "Bóyá" yẹn dùn mí, Rodiyat. Láti ọjọ́ tí o ti sọ fún mi pé bí o bá ti pè báyìí, tí Tómi bá ti rí ojú rẹ, ṣe ló máa ń pòórá, tó jẹ́ pé ògiri àti kàlẹ́ńdà ara rẹ̀ nìkan ni wàá máa wò, èmi náà ò sinmi. Màmá ń sọ fún ọ pé ọmọ kí ọ, o ní wọ́n kàn ń tù ọ́ nínú ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wo ló ń sá fún ìyá rẹ̀? Mo ti ń bínú sí i nínú ọkàn mi, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Ọ̀dọ̀ Rìlwánù ni mo gbà lọ, ẹni tó ń ta fóònù níwájú gáréèjì àwọn tó ń lọ Bìní. O mọ Rìlwánù, ẹnu rẹ̀ lè ta omi fún ẹja. Ó kó fóònù jáde kún orí káńtà. Ó ní èyí ní kámẹ́rà mẹ́ta lẹ́yìn, èyí fẹ̀ lójú bí àwo, èyí mọ ojú olówó rẹ̀, yóò sì ṣílẹ̀kùn fún un. Mo ní, "Rìlwánù, ilẹ̀kùn wo? Omifúnfun ló ń lọ." Ọ̀nà tèmi ni mo fi yẹ̀ wọ́n wò. Mo gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jáde sínú oòrùn, torí ibi tí Màmá ń sá kòkó sí ni wọ́n máa ń wà láti àárọ̀, fóònù tí ojú rẹ̀ bá sì ń ṣú nínú oòrùn ò wúlò fún wọn. Mo wé e sétí ìró bí Màmá ṣe máa ń ṣe, mo sì rìn síwá rìn sẹ́yìn níwájú ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó fẹ̀ lójú yẹn yọ̀ bọ́rọ́ jáde, díẹ̀ ló kù kó balẹ̀. Rìlwánù kígbe pé, "Yéè! Àǹtí Ìbídàpọ̀, ẹ má pa mí o!"

Fóònù náà rẹwà, mi ò ní parọ́. Mo fi ya ara mi, ó sọ mí di ọmọge lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú, bẹ́ẹ̀ ni sóólà Bàbá Èṣùbíyìí, aládùúgbò yín, ni gbogbo Omifúnfun ń tò sí láti fi ṣájì. Èyí tí mo mú nípọn, ó wúwo díẹ̀, àmọ́ bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ròkè tó fún etí Màmá. Ojú rẹ̀ ò dára tó ti èkejì. Ìwà lẹwà, wọ́n ní, kódà nínú fóònù.

Ti géèmù ló gbà mí lákòókò. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣàn ni mo kọ́kọ́ yọ kúrò, nítorí tẹlifíṣàn dà ní Omifúnfun? Rìlwánù wá gbé kékeré kan jáde tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, oríṣiríṣi géèmù ló wà nínú rẹ̀. Mo tan ti oníbọn, mo pa á kíá, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún ọmọ. Mo tan ti eré ọkọ̀, ọkọ̀ mi já sódò. Rìlwánù ní bí àwọn kan ṣe ń wa tiwọn lójú márosẹ̀ wa yìí gan-an nìyẹn. Mo tan èyí tí bíríkì ń já bọ́ láti òkè, tí wàá máa tò ó kó má baà kún dé ọ̀run. Rodiyat, mo jókòó ti bíríkì yẹn títí oníbàárà mi fi wá mi débẹ̀, tó ní ṣé kí òun máa wọ bùbá òun lọ sóde láìlápá ni. Ojú tì mí, mo rà á. Mo sì ní kí Rìlwánù fi lúdò sínú fóònù, èyí tí èèyàn méjì lè jọ ta bí wọn ò tiẹ̀ sí nílùú kan náà, torí mo rò ó pé eré tí ọmọ bá ń dá ṣe ò lè mú un sún mọ́ ọ. Èyí tí ẹ̀yin méjèèjì á jọ máa jiyàn lé lórí ló dára.

Ní ọ̀sán Sátidé yẹn kan náà, kí n tó pè ọ́, mo gun ọ̀kadà lọ sí Omifúnfun. Ọ̀nà yẹn ò tíì yí padà, ẹrẹ̀ ni látòkè délẹ̀. Màmá ń yí kòkó nínú oòrùn, Tómi ló kọ́kọ́ rí mi. Háà, Rodiyat, ọmọ rẹ ti ga! Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mi léjìká, ọrùn rẹ ló sì gbé sọ́rùn. Ó kí mi kú ewu ọ̀nà, ó gba àpò lọ́wọ́ mi, ó bomi fún mi mu. Mo ń wò ó, mo ń sọ nínú ọkàn mi pé ọmọ tó mọ̀wà tó báyìí, kí ni ìyá rẹ̀ ṣe fún un?

O mọ̀ pé ibì kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé yín, ojú fèrèsé pálọ̀. Màmá ti gé agolo mílíìkì ńlá kan sí méjì, wọ́n kàn án mọ́ igi fèrèsé, ó ga tó àyà mi. Inú rẹ̀ ni fóònù máa ń dúró sí. Bí èèyàn bá gbé e sọ̀ kalẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ohùn á gé. A gbé fóònù tuntun síbẹ̀, Màmá ṣàdúrà fún ọ títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì padà sídìí kòkó wọn. Kò pẹ́ sí i, fóònù dún. Ìwọ ni. Màmá ní kí Tómi lọ gbé e. Mo rọra tẹ̀ lé e, mo fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo fẹ́ fi ojú mi rí bó ṣe ń sá.

Ọmọ náà ò sá, Rodiyat. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara aṣọ, ó fa ẹ̀wù rẹ̀ gún, ó fi itọ́ tẹ irun iwájú orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó nawọ́, ó tẹ fóònù. Ojú rẹ yọ, ojú tirẹ̀ náà sì tàn. Ó ní, "Ẹ káàsán mà, Mọ́mì." Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì ló fi gúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Ó tẹrí ba, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Fóònù wà lókè nínú agolo, ó ń wo ògiri. Mo gbọ́ ohùn rẹ tó ní, "Tómi? Tómi, níbo lo wà?" Ó dá ọ lóhùn láti ìsàlẹ̀ pé, "Mo wà níbí, mà," pẹ̀lú ohùn kékeré tí ọmọ fi ń dá àgbà lóhùn. O ò gbọ́. O ní kó wá kí o rí i. Ó tún ní, "Mo wà níbí, mà," ó sì tún tẹrí ba sí i. Mo gbọ́ tí o mí kanlẹ̀. O ní, "Ó tún ti lọ," o sì pa á.

Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Mo ní, "Tómi, kí ló dé tí o ò dìde kí Mọ́mì rẹ lè rí ọ?" Ó wò mí bí ẹni tó bi í ní ìbéèrè òmùgọ̀. Ó ní, "Wọn ò tíì ní kí n dìde, mà."

Mo sunkún níbẹ̀, mi ò ní tan ọ́. Mo tẹ nọ́ńbà rẹ lójú ẹsẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Nígbà tí Tómi kéré, orí itan Màmá ló máa ń jókòó sí bí o bá pè, ẹ̀yin méjèèjì á sì máa rí ojú ara yín. Ìgbà tó dàgbà tó ẹni tó lè dá gbé fóònù ni Màmá kọ́ ọmọ náà pé a kì í nàró kí àgbà, àti pé ẹni tó bá kúnlẹ̀ kì í dá ara rẹ̀ dìde àfi bí àgbà bá ní kó dìde. Àgbà wo ló wá ju ìyá ẹni lọ? Màmá á wà nídìí kòkó, wọ́n á gbọ́ ohùn nínú ilé, wọ́n á rò pé ẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ni ọmọ ń ṣe, ìwọ ń pè é ní ìkórìíra. Wàá ní báwo ni ìwọ ọmọ Ìwó, tí wọ́n fi ìkúnlẹ̀ tọ́ dàgbà, ò ṣe ro ìyẹn. Má dá ara rẹ lẹ́bi. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti bà jẹ́ kì í ro ọ̀rọ̀ dé ìdí. Èmi tí tèmi ò bà jẹ́ náà ò kúkú rò ó.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tó bi mí nígbà tí mo ń fi etí ìró mi nu orúnkún rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, kí ni mo ṣe fún Mọ́mì? Bí mo bá ti kí wọn, wọ́n á fi mí sórí ìkúnlẹ̀, wọ́n á sì pa fóònù." Ṣé o gbọ́ ọ? Ìwọ rò pé ó ń sá fún ọ. Òun rò pé o ń jẹ òun níyà.

Mo gbé géèmù fún un kí inú rẹ̀ lè dùn. Ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dá a padà sínú ọ̀rá rẹ̀. Ó ní òun ò lè tàn án, òun ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún òun. Mo ní kó tàn án jàre, mo fọwọ́ sí i. Ó kọ̀ jálẹ̀. Agídí rẹ yẹn náà ni! Èmi gan-an tí ọwọ́ ń yún láti to bíríkì, mo kàn pa á mọ́ra ni.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Màmá, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ lu itan, wọ́n ní àwọn làwọn ba nǹkan jẹ́. Mo ní rárá, ta ló ń fi ẹ̀kọ́ ba ọmọ jẹ́? Wọ́n fẹ́ sọ fún Tómi níbẹ̀ pé kó má kúnlẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná. Èmi lè ní kó dìde, Màmá náà lè ní kó dìde. Àmọ́ kì í ṣe ẹnu tiwa ló ń retí, ọ̀rẹ́ mi.

Màmá kí ọ púpọ̀púpọ̀. Bàbá Èṣùbíyìí kí ọ, wọ́n ní fóònù tuntun náà á máa tètè rí ibi ṣájì. Rìlwánù ní bí lúdò náà bá ṣe ségesège kí o pe òun. Bá mi kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Oṣù Kejìlá tí o fẹ́ yí padà yẹn, dákun má yí i.

Ó yá, pe ilé. Ògiri yẹn náà lo máa rí. Má pa fóònù. Ọmọ rẹ wà nísàlẹ̀ fèrèsé níbẹ̀, lórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó fẹ́ràn rẹ dé ibi pé kò lè dìde. Ké sókè kó lè gbọ́ ọ dáadáa, kí o ní, "Tómilọ́lá, ọmọ mi, dìde."

                                        Èmi ni, tìrẹ nínú òjò àti nínú ẹ̀ẹ̀rùn,
                                        Ìbídàpọ̀.