Adé Ti Kúrò Nílé Wa, Bàbá

Bàbá mi tí mo máa ń kúnlẹ̀ kí láti ẹnu ọ̀nà,

Ọkàn mi balẹ̀ lónìí, ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín. Adé ti kúrò nílé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Ọmọ ọdún méje ni Dáre àbúrò mi nígbà tí ẹ wàjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi í jọba, tí Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ń ṣe adelé fún un. Èèwọ̀ yín bọ́ sórí ọmọ yẹn: ọba kì í jẹun lójú ènìyàn. Ẹ̀yin náà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lẹ ti ń jẹun, ìró ṣíbí nìkan là ń gbọ́. Ṣé oúnjẹ máa ń dùn lẹ́nu yín níbẹ̀? Ti Dáre ò dùn o. Ó kọ oúnjẹ, ó rù kan eegun. Nígbàkígbà tí mo bá ti Lọ́kọ́ja wálé wá wò ó, mo máa ń rò pé a máa sin ín tẹ̀ lé yín ni.

Lọ́jọ́ ọjà kan tí mo wà nílé, ó yọ́ jáde. Àfi bí wọ́n ṣe bá a nídìí iná ìyá alágbàdo, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ àgbàdo sísun lójú gbogbo ayé. Yéè! Àwọn àgbà ìlú pé lé e lórí. Ẹ mọ̀ pé ọba tó bá jẹ èèwọ̀ yẹn kì í pẹ́ láyé, wọn kì í jẹ́ kó pẹ́. Àfi bí adelé bá bá a jẹ ẹ́; nígbà náà, gbogbo ilé wọn ló jẹ ẹ́, adé á sì lọ sí ilé ọlọ́ba kejì.

Bàbá Kékeré jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó gba àgbàdo lọ́wọ́ Dáre, ó jẹ ìyókù tán lójú wọn, ó ju ṣùkù rẹ̀ nù. Adé tí ì bá di tirẹ̀ ló fi ṣòfò yẹn! Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa ṣọ́ àbúrò yín yìí, kó má bàa gba adé lọ́wọ́ ọmọ. Kí lẹ rí lára rẹ̀, Bàbá?

Dáre wà lọ́dọ̀ mi ní Kabawa, ní Lọ́kọ́ja níbí, báyìí. Ó ń bá àwọn ọmọ Nupe lúwẹ̀ẹ́ lódò, ó sì ti ń gbọ́ Haúsá tí èmi ò gbọ́. Lánàá, ọmọ apẹja kan fún un lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ó sunkún wálé, ikun ń dà, kò sì sẹ́ni tó sáré fi aṣọ bo ojú ọba. Mo gbá a mọ́ra, mo ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Bàbá, ọmọ yín wà láàyè.

Èmi tí àárò yín ṣì ń sọ,
Àkọ́bí yín obìnrin