Mi Ò Ní Í Bẹ Ẹnikẹ́ni Nítorí Ẹnu Ọ̀nà Yẹn

Alápẹ̀rẹ̀, Kétu,
Èkó.

Judith ọmọ mi, Àjíkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti ilé. Ṣé ara rẹ le? Ṣé òtútù Durham yẹn kò fìyà jẹ ọ́ jù? Ara tèmi náà le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Orúnkún tó ń dùn mí nígbà tí mo wá kí ọ lọ́dún tó kọjá ti sàn. Kí Olúwa máa ṣọ́ ọ fún mi níbi tí ojú mi ò tó.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní Uncle Elkanah pè ọ́, pé mo ti dójú ti ẹbí ní ṣọ́ọ̀ṣì. O wá ń sunkún pé, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bẹ Alàgbà." Ọmọ mi, mi ò ní í bẹ̀ ẹ́. O ti gbọ́ tẹnu ẹ̀gbọ́n mi. Gbọ́ tẹnu èmi náà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kí n má baà máa pariwo lé ọ lórí lórí fóònù.

O mọ̀ pé èmi ni ìjọ ní kí n ya àwòrán ilé ìjọsìn tuntun. Láti ìgbà tí mo ti dé láti ọ̀dọ̀ rẹ ni àwọn ọ̀wọ̀n ràgàjì inú kàtídírà Durham kò ti kúrò lọ́kàn mi, àwọn tí wọ́n gbẹ́ ilà sí lára bí ipa ejò. O fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níjọ́ náà, pé mò ń fọwọ́ pa wọ́n lára bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fà sórí ìwé: ògiri tó nípọn kí oòrùn má baà yan wá, fèrèsé kéékèèké lókè, àti ẹnu ọ̀nà ńlá kan níwájú pẹpẹ, tí òkè rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè. Bíríkì pupa la fi kọ́ ọ. Pákó ló ń gbé e ró lábẹ́ títí yóò fi gan.

Ọ̀gá Muideen ló kọ́ ọ, bíríkìlà ará Ìsẹ́yìn tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́ kí o tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Alàgbà Bartholomew, alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, wá wo iṣẹ́, ó sì bá a níbi tó ti ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì yanrìn. Ó wo ẹní ìkírun, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wá kọjú sí mi.

"Madam, mọ́ṣáláṣí lẹ̀ ń kọ́ fún wa ni? Ẹ wó o. Ẹni tó ń kírun kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan iwájú pẹpẹ wa mọ́."

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, mo dìde. Mo sọ fún wọn pé kí mọ́ṣáláṣí kankan tó wà láyé ni àwọn ará Róòmù ti ń kọ́ irú ẹnu ọ̀nà yẹn. Àwọn Kristẹni Yúróòpù jogún rẹ̀, wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri, irú ọnà ìkọ́lé yẹn, tó dà bí agbo ilé kan, ni à ń pè ní Romanesque. Ojúlé kan nínú agbo ilé ọ̀hún ni ti àwọn Nọ́mánì, àwọn tí babańlá wọn wá láti àríwá tẹ̀dó sí ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n wá sọdá òkun lọ gba England, tí wọ́n sì kọ́ kàtídírà Durham níbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn jọba ní erékùṣù Sicily. Nígbà tí ọba wọn kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sínú ààfin rẹ̀ ní Palermo, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ló fi ṣe àjà rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Àjà yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní. Mo ní, "Jésù ò torí ẹ̀ sá jáde."

Ojú Alàgbà pọ́n. "Ìtàn òyìnbó nìyẹn. Kétu la wà. Ẹ yọ pákó abẹ́ rẹ̀ wò, fúnra rẹ̀ ló máa wó."

Mo ní, "Ó dáa, sà. Ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé. Tó bá máa wó, orí mi ni yóò wó lé."

Àjíkẹ́, mi ò ní í purọ́ fún ọ, ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ìṣirò mi, ṣùgbọ́n ìṣirò kì í lé ẹ̀rù. Mo dúró sábẹ́ rẹ̀ gan-an. Mo ní kí Ọ̀gá Muideen bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọ̀. Ó ní, "Mummy Judith, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí, ibo ni kí n sá lọ?" Àwọn káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ pákó. Bí wọ́n ti yọ èyí tó gbẹ̀yìn, bíríkì dún kẹ̀ẹ̀, eruku dà sí wa lára. Alàgbà kígbe pé, "Madam, ẹ jáde!" Mi ò mira. Muideen ń pe Ọlọ́run lédè Lárúbáwá, èmi ń pè é ní Yorùbá. Lẹ́yìn náà, eruku rọlẹ̀. Bíríkì ti fún ara wọn pọ̀. Ó dúró digbí.

Wọn ò wó o mọ́. Ojú ò jẹ́ kí wọ́n lè wó o. Ṣùgbọ́n wọ́n rán Uncle rẹ sí mi pé kí n lé Muideen, kí n sì kúnlẹ̀ níwájú ìjọ fún àfojúdi mi. Mo ní kí ó padà lọ sọ fún wọn pé níwájú Ọlọ́run nìkan ni mo ti ń kúnlẹ̀. Bí wọ́n ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èmi àti Muideen nìyẹn, tí wọ́n sì yọ mí nípò ìyá ẹgbẹ́. Ẹlòmíì ló ń parí ilé náà báyìí, inú rẹ̀ la sì ti ń jọ́sìn bẹ́ẹ̀. Kò dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n gbogbo Sunday ni mò ń lọ, ìlà iwájú ni mo sì ń jókòó sí. Ẹni tí ojú ń tì kó lọ jókòó sẹ́yìn.

Nítorí náà, nu ojú rẹ, kàwé rẹ. Ìwọ náà kò ní í tẹ̀ níbi tó yẹ kí o dúró. Ọ̀nà rẹ yóò là, ẹni rere ni yóò máa pàdé rẹ, wàá sì fi ayọ̀ padà wá bá mi láyè.

Èmi ni ìyá tó bí ọ, tí kò sì kábàámọ̀,
Clara Adéṣẹ́gun.

Àfikún: Ọmọ Alàgbà Bartholomew ṣe ìgbéyàwó ní Sátidé tó kọjá. Nínú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì náà, abẹ́ ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n yàn láti ya fọ́tò, Alàgbà fúnra rẹ̀ sì dúró láàárín. Mo kàn sọ fún onífọ́tò pé kó sún sẹ́yìn díẹ̀, kí òkè rẹ̀ lè wọlé tán.