Odò Kò Tíì Dáhùn

Ilé Olóògbé Fálúyì,
Pobè,
Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Jocelyne, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara wọn le? Ọjà Kútọnu ńkọ́? Nọ́ńbà rẹ tí mo ní kò wọlé mọ́, ìdí nìyí tí mo fi ní kí Séverin awakọ̀ mú ìwé yìí wá sí ìsọ̀ rẹ.

Jocelyne, omi ti pọ̀ ju ọkà lọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyá mi, Màdáámù Berthe tó kọ́ wa níwèé ní Takon. Ohùn ti lọ lẹ́nu wọn. Dókítà ní ká máa gbé wọn lọ sílé. Wọn ò jẹun, wọn ò mọ̀ mí mọ́, mo pè wọ́n títí, òrùlé ni wọ́n ń wò. Yéè, mo gbé!

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi ni mo bẹ̀rẹ̀ ewì Faransé ijọ́un, ti ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú, tó ń bi odò léèrè ibi tó wà. O rántí bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín pé òyìnbó yìí ti ya wèrè? Màdáámù ní, "Ẹ̀yin tí ìyá yín ń kí odò kí wọ́n tó pọnmi, ẹ̀yin lẹ wá ń pe ẹlòmíràn ní wèrè?" Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kan nínú ewì náà: omi, ìrọ̀lẹ́, koríko tí ìyàwó ti jókòó lé rí. Ìgbà tí bàbá mi kú ni mo tó mọ̀ pé orí ọkùnrin náà pé. Títí dòní, bí mo bá dé etí odò, ewì yẹn á sọ sí mi lọ́kàn, omijé á sì dà.

Bí mo ṣe ń kà á, ètè màmá ń mì! Mo ka apá tèmi nínú mẹ́ta tí Màdáámù pín fún wa nígbà náà. Mo ránṣẹ́ pe Pacôme ọmọ kíláàsì wa níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Onigbolo, ó dé tòun ti eruku símẹ́ńtì lára, ó ka tirẹ̀. Ibẹ̀ ló tán sí, nítorí ìwọ nìkan ni Màdáámù kọ́ ní apá kẹta, níbi tí odò ti dáhùn. Màmá bá yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé ikú ni wọ́n ń retí. Pacôme ló pariwo pé, "Huguette, ṣé o ti gbàgbé ni? Ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni Jocelyne máa ń gbà wọlé wá dáhùn bí odò tó bá kàn án!"

Mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ Ọlọ́run, má wulẹ̀ kọ apá tìrẹ ránṣẹ́ sí mi pé kí n kà á. Èmi kọ́ ni odò. Bá Séverin padà wá. Bí o bá tilẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀, ṣáà wá, kí o sọ èyí tó bá wá sí ọ lẹ́nu. Agbára màmá ń tán lọ lójoojúmọ́.

Bá mi kí ọkọ wa àti àwọn ọmọ. Pacôme ní kí n kí ọ. A ò ti ilẹ̀kùn mọ́.

Èmi ni tìrẹ tí kò rí oorun sùn,
Huguette.