Òwú Tí Wọ́n Já Kúrò Lára Aṣọ

Olóòtú wa lórí rédíò, mo kí yín, mo kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ yín. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ má dárúkọ mi.

Ọdún kẹtàdínlógún mi rèé nílé ìfọṣọ. Àwọn yòókù máa ń kọ orúkọ oníbàárà sábẹ́ kọ́là aṣọ, ṣùgbọ́n òwú lèmi máa ń so síbẹ̀: pupa fún tíṣà, dúdú oníkókó méjì fún dókítà. N kò ṣì í rí. Èmi fúnra mi ni mo ń dá aṣọ wọn padà, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ̀ pé n kò lè kọ ju orúkọ ara mi lọ.

Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọbìnrin tó dúró fún mi rò pé ìdọ̀tí ni òwú, ó já gbogbo rẹ̀. Mo dé, mo bá òkìtì aṣọ tí a kò mọ ẹni tó ni ín.

Ọ̀gá mi, tí kò dàgbà tó àbíkẹ́yìn mi, fara ya. "Màmá, ta ló ń fi òwú kọ orúkọ? Kí ló dé tẹ́ ò kọ ọ́ bíi tàwọn yòókù?"

Mo ní, "Ẹni tó já a ni kẹ́ ẹ bi."

Ó ní kí n wá sọ ìdí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n jókòó sílé.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín, wọn kò sọ ohun tí a ó máa jẹ kí ikú tó dé. Ẹnu mi kò lè sọ ọ́. Ọ̀gá mi kì í sì í pa ètò yín jẹ.

Ẹ bá mi rò ó, olóòtú wa: ṣé kẹ́ ẹ ka lẹ́tà yìí ni, àbí kẹ́ ẹ fà á ya?