Ìkòkò Màmá Tí Kò Fọ́ Létí Mọ́

Ọjọ́bọ̀, oṣù kejì, 2016.

Ìkòkò yẹn kọ́ nìyí. Mi ò lè parọ́ fún ara mi.

Láti ọdún tó kọjá tí mo ti ń tọ́jú Màmá ní àdúgbò Beltline nílùú òyìnbó yìí, èmi ni mò ń nu ìkòkò òdòdó wọn, èyí aláwọ̀ ewé tí bàbá wọn gbé wá láti Ṣáínà. Ó fọ́ díẹ̀ létí. Lónìí, mo fọwọ́ wá ibẹ̀ títí, mi ò rí i.

Ọmọ wọn tí iléeṣẹ́ epo dá dúró ló gbé e lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun fẹ́ fi han àwọn kan. Láàárọ̀ yìí ló gbé e dé, ó nà án sí mi. Èmi ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì gbà á. Ló bá ya fọ́tò mi! Ta ló máa rí fọ́tò yẹn tí kò ní rò pé èmi ni mo pààrọ̀ ìkòkò náà, tí mo wá ń tọrọ àforíjì? PR mi, ìwé àṣẹ ìgbélùú, ò sì tíì jáde.

Mo fẹ́ sọ fún Màmá. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, wọ́n ní kí n gbé e wá sórí itan wọn. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yí po lẹ́ẹ̀mejì. Àbí àwọn àti ọmọ wọn jọ mọ̀ sí i ni?

Wọ́n wá nà án sí mi: “Máa rọra gbé e o. Ohun àtijọ́ ni.”

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò kúnlẹ̀.